Owó tó ṣáájú àti owó tó tẹ̀lé e: ìṣẹ̀lẹ̀ ibùdó ìwádìí jínómù ti Ẹdẹ

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 150 dọ́là fún ibùdó ìmọ̀ 19 ní àwọn fásitì orílẹ̀-èdè méje. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún kan náà, Patrick Sawyer ti Monrovia gba Lomé wọ Èkó, àìsàn Ebola sì ti dá a wó kó tó kúrò ní pápákọ̀ òfurufú. Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ márùn-ún ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Àwọn tó ń ròyìn ACEGID, ọ̀kan nínú ibùdó 19 náà, tó ń ṣèwádìí jínómù (odindi àkọsílẹ̀ àbùdá) àwọn àrùn àkóràn ní Yunifásítì Redeemer's, sábà máa ń so ọjọ́ méjèèjì pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀: owó dé, Ebola dé, wọ́n fi owó mú Ebola. Ẹni tó bá ti tọrọ owó ìwádìí rí mọ̀ pé oṣù mẹ́ta kò tó kí irú owó bẹ́ẹ̀ fi ti orí ìwé dé inú láàbù. Wọn kò tíì ní parí ètò ṣíṣí àkáǹtì.

Owó mìíràn ló ṣiṣẹ́ ní oṣù Keje yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń wá owó ìbẹ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ tó kó dókítà, onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí TETFund kò kàn

Ìjọ Redeemed ló dá Yunifásítì Redeemer's sílẹ̀ ní 2005. Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló fi ṣe ibùjókòó báyìí. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni, ọ̀rọ̀ yìí sì wúwo ju bó ṣe ń dún létí lọ. Owó orí ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń gbà lórí èrè àwọn ilé-iṣẹ́, tó jẹ́ ìdá 2 nínú 100 nígbà náà, ló ń wọ àpò TETFund, òfin ọdún 2011 tó gbé àjọ náà kalẹ̀ sì fi owó ọ̀hún mọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Olùkọ́ tó wà ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìwádìí fásitì rẹ̀, kó sì rí owó díẹ̀ fi dán èrò tuntun wò. Olùkọ́ tó wà ní Redeemer's kò ní ilẹ̀kùn yẹn láti kàn. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òkèèrè ló ń wò.

Òkèèrè náà ni wọ́n sì wò. Christian Happi tó dá ibùdó yìí sílẹ̀ jẹ́ ọmọ Cameroon tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ti ṣiṣẹ́ ní Harvard. Ó ti ń bá Pardis Sabeti ti Broad Institute ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa ṣáájú 2014. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé ni ilé ìwòsàn ńlá Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí àwọn alárùn Lassa ti ń wọlé lọ́dọọdún. Ètò H3Africa tún wà, tí àjọ NIH ti Amẹ́ríkà àti Wellcome ti Ìlú Ọba kéde ní 2010 láti gbé ìmọ̀ jínómù ró ní Áfíríkà. Owó wọ̀nyí kò jọ ara wọn, wọn kò sì pọ̀ tó láti kọ́ ilé ìwádìí tó dá dúró. Àmọ́ wọ́n ra ẹ̀rọ PCR tó ń wá ege jínómù àrùn kan pàtó nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ́ ènìyàn, wọ́n sì fi èròjà àyẹ̀wò sínú fìríìsà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti owó ìwádìí, ọ̀nà tó kéré ló sábà máa ń là kí títì ńlá tó dé.

Ohun tí oṣù Keje ọdún 2014 ń béèrè

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ kan ní Ebola nínú, a kò nílò ẹ̀rọ tó ń ka odindi jínómù. PCR tó. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí PCR ń fẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, nítorí pé kò sí ẹni tó máa ta á fún ọ lọ́jọ́ náà.

Nínú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ láàbù ń gbà yọ RNA fáírọ́ọ̀sì (èròjà tí jínómù rẹ̀ wà lára), máíkírólítà 140 omi ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú máíkírólítà 560 omi èròjà tó ń pa fáírọ́ọ̀sì. Wọ́n á jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù 560 kún un, wọ́n á gbà á gba inú àsẹ́ kékeré kan, wọ́n á fọ àsẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì fi máíkírólítà 60 yọ RNA jáde. Ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣàṣìṣe ni ẹ̀tánọ́ọ̀lù yẹn. Omi èròjà àkọ́kọ́ nìkan kò tó láti fi ọkàn balẹ̀ pé Ebola ti kú, àfi tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù bá wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbé ike náà jáde kúrò nínú àpótí ààbò kó tó dà á sí i ti fi ara rẹ̀ àti àwọn tó wà ní yàrá wewu. Irú ìmọ̀ yìí kì í ti inú ìwé wọ ọwọ́. Àṣetúnṣe ló ń mú un wọ̀ ọ́, lórí àrùn tí kò le tó Ebola, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lassa ni wọ́n ti fi kọ́ ọ.

Láàbù fáírọ́ọ̀sì LUTH (ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Èkó) ní Ìdí-Àràbà àti ẹgbẹ́ Redeemer's ṣe àyẹ̀wò náà, àbájáde sì jáde kíákíá. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ WHO kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń wá àwọn tí aláìsàn fara kàn láti ilé dé ilé ló pọ̀ jù nínú àṣeyọrí yẹn. Láàbù ló sọ fún wọn ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa wá.

Bí owó Báńkì Àgbáyé ṣe ń jáde

Nínú ibùdó 19 náà, Nàìjíríà gba 10. Mẹ́ta nínú wọn wà nílẹ̀ Yorùbá: FUNAAB ní Abẹ́òkúta, OAU ní Ifẹ̀, Redeemer's ní Ẹdẹ. Benin gba ọ̀kan fún ìmọ̀ ìṣirò, Togo gba ọ̀kan fún ìmọ̀ adìẹ sísìn. Ibùdó kan lè gbà tó mílíọ̀nù 8 dọ́là. Owó yíyá ni, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló jẹ gbèsè. Fásitì kò ní san án padà. Àjọ NUC ń bójú tó o láti Àbújá, ẹgbẹ́ àwọn fásitì Áfíríkà tó wà ní Accra sì ń kó gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí owó ìwádìí tí a mọ̀ ni pé àbájáde ló ń fà á jáde. Ìpín kékeré kan kọ́kọ́ jáde fún ìmúrasílẹ̀: kí àkáǹtì wà, kí ìwé ìlànà rírajà wà, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó máa darí iṣẹ́ ti wà níkàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí a gbà ni wọ́n ń kà, iye àpilẹ̀kọ ìwádìí tó jáde, ètò ẹ̀kọ́ tí àjọ òkèèrè ti fòǹtẹ̀ lù, àti owó tí ibùdó fúnra rẹ̀ rí láti ibòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá ń mú owó wọlé ju ọmọ ilé lọ, obìnrin náà sì ń mú un wọlé ju ọkùnrin. Àkọsílẹ̀ owó tó mọ́ àti ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò wà lára ohun tí wọ́n ń sanwó fún pẹ̀lú. Ó kéré tán, ìdá 15 nínú 100 owó náà ni ibùdó gbọ́dọ̀ ná pẹ̀lú àwọn alájọṣe rẹ̀. Lórí mílíọ̀nù 8, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 1.2 dọ́là, kì í ṣe owó tábà.

Lójú tiwa, èyí dára fún ìṣọ́wóná. Kò sí ẹni tó lè kọ́ ilé aláràbarà, kó ya fọ́tò sí i níwájú, kó sì pè é ní ìwádìí. Àmọ́ ìṣòro rẹ̀ hàn gbangba sí ẹni tó bá ń ra èròjà láàbù. Owó àbájáde ń dé lẹ́yìn àbájáde: o máa kọ́kọ́ ná tìrẹ, o máa kọ ìròyìn, àwọn ayẹ̀wéwò á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè kàn sí akẹ́kọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá ó wà ní tòótọ́, kí owó tó jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé tó wọlé lónìí ń fẹ́ èròjà lónìí. Èròjà náà sì lè bàjẹ́ láàárín oṣù díẹ̀ bó tilẹ̀ wà nínú fìríìsà. Nítorí náà, ibùdó tí kò ní owó kankan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè jàǹfààní owó àbájáde. Owó kékeré tó ṣáájú ló gbé owó ńlá. Ẹ jẹ́ kí á fi í síbi tó yẹ: fún Redeemer's, owó Lassa àti H3Africa ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Owó Báńkì Àgbáyé ni owó tó sọ ẹgbẹ́ kan di ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú ètò ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀wé owó.

Èrè kan tún wà tí kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ka owó náà. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 2016, ₦197 ni iye tí ìjọba so dọ́là kan mọ́. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó fò kọjá ₦280 lọ́jọ́ kan. Ìwádìí tí wọ́n fi náírà ṣírò ṣáájú ọjọ́ yẹn pàdánù agbára rẹ̀ nídìí èròjà òkèèrè lójú ẹsẹ̀. Ti Ẹdẹ kò pàdánù.

Lassa: ibi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan kò ti lè dáhùn

Wọ́n kọ́kọ́ dá fáírọ́ọ̀sì Lassa mọ̀ ní 1969, orúkọ ìlú kan ní Borno ló ń jẹ́. Eku ilé kan ló ń gbé e kiri. Abala RNA méjì ló ní: èyí tó gùn jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà (ẹyọ tí a fi ń ka jínómù) 7,200, èyí tó kúrú jẹ́ nǹkan bí 3,400. Ìṣòro rẹ̀ fún àwọn olùyẹ̀wò ni pé kò dúró sójú kan. Bí a bá fi Lassa ibì kan wé ti ibòmíràn, lẹ́tà abala gígùn lè fi ìdá 32 nínú 100 yàtọ̀, ti kúkúrú ìdá 25. PCR sì ń gbára lé ege kékeré kan tó gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ege náà bá wà níbi tí fáírọ́ọ̀sì ti yí padà, ẹ̀rọ á sọ pé kò sí nǹkan kan, aláìsàn á sì máa kú lọ. Kí a tó lè ṣe PCR tó péye, a gbọ́dọ̀ ti ka jínómù púpọ̀ láti oríṣiríṣi ìlú. Dókítà kò lè dá a ṣe, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè dá a ṣe.

Ní ọdún 2018, àwọn tí Lassa mú pọ̀ ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé: ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran láti ara ènìyàn sí ènìyàn ni? Ìdáhùn náà ló máa pinnu ibi tí ìjọba máa ná owó sí. Bí ó bá jẹ́ láti ènìyàn sí ènìyàn, ilé ìwòsàn àti ìyàsọ́tọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ láti ara eku, ilé, àká oúnjẹ àti gàrí tí a kò bò ni. PCR kò lè sọ ọ́. Dókítà tó dúró ti ibùsùn aláìsàn kò lè sọ ọ́. Jínómù lè sọ ọ́: bí ènìyàn bá kó o fún ènìyàn, fáírọ́ọ̀sì ara àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, bí kálukú bá kó o láti ara eku tirẹ̀, ìyàtọ̀ á pọ̀. Irrua, Ẹdẹ àti àwọn alájọṣe wọn kà á nígbà tí àrùn náà ṣì ń jà. Ìyàtọ̀ pọ̀. Eku ni.

Ẹ wo iye ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kan gbà kọjá kí gbólóhùn méjì yẹn tó jáde. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó sì kọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ àti abúlé tí aláìsàn ti wá. Tí ọjọ́ àti abúlé kò bá sí, jínómù náà kàn jẹ́ lẹ́tà lásán ni. Wọ́n gbé e sínú yìnyín lọ sí láàbù. Tó bá yọ́ tó tún dì, RNA á já wẹ́wẹ́. Wọ́n yọ RNA, wọ́n mú RNA ara ènìyàn tó bo ti fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ kúrò, wọ́n sọ ìyókù di DNA tí ẹ̀rọ lè kà, wọ́n gé e, wọ́n sì so àmì mọ́ ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè da ti ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan. Ibí ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wọlé. Bí àmì ẹni kan bá fò sórí ti ẹlòmíràn, tàbí tí ìkán omi kan bá ta sínú ike kejì, ènìyàn méjì tí kò rí ara wọn rí á dà bí ẹni tó kó àrùn fún ara wọn. Ní ọdún 2018, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ìbá ti dá ìpayà sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyí tí ike omi lásán fi gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù gba gbogbo ọ̀nà náà. Tí fáírọ́ọ̀sì bá yọjú nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà di dídànù. Owó ike omi yẹn jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ti ike aláìsàn. Ẹni tó bá ń ṣètò owó láìfi í kún un ti purọ́ fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń to ege jọ, àti onímọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn tó ń fi igi ìdílé fáírọ́ọ̀sì wé àtẹ abúlé.

Oṣù Kọkànlá, ọdún yẹn kan náà

Ìpínlẹ̀ Ẹdó ló tún ṣẹlẹ̀ sí. Ibà kan ń pa àwọn ènìyàn. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò Lassa, kò sí. Wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ lọ sí Ẹdẹ, wọ́n ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ láìfi ege kan pàtó wá nǹkan kan pàtó, ibà pọ́njú ló sì yọjú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ti wà láti ọdún pípẹ́. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan mọ̀ pé òun ni.

Kò sí olùwádìí tó máa kọ "ibà pọ́njú ní Ẹdó" sínú ìwé ìbéèrè owó ní 2013. Ẹni tó bá fẹ́ kí olùbéèrè sọ àrùn tó máa rí ṣáájú kó tó fún un lówó kò ní rí irú àbájáde yìí rà.

Ewékorò

Ará Ítálì kan wọ Èkó ní òpin oṣù Kejì ọdún 2020, ó sì lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjọ́ 27, láàbù LUTH fi hàn pé Kòrónà ni. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀ fún Ẹdẹ láti ka jínómù, nǹkan bí lẹ́tà 29,900. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé: jínómù Kòrónà àkọ́kọ́ tó ti Áfíríkà jáde. Iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Lassa. Ọ̀nà kan náà, ọwọ́ kan náà, ike omi lásán kan náà. Ọdún 2020 yẹn náà ni owó ètò ìtọrẹ kan tó ń jẹ́ Audacious Project wọlé fún ètò Sentinel tí Ẹdẹ àti Broad jọ ń ṣe láti máa tètè rí àrùn kó tó tàn.

Ohun tí kò sí nínú ìṣirò

Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìpele mìíràn ní 2019, Ẹdẹ sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń dí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò yí padà púpọ̀. Èròjà tó ní láti wà ní ìwọ̀n òtútù −20 ń ti òkèèrè wọlé gba pápákọ̀ Èkó, níbi tí aṣọ́bodè kan lè fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títí yìnyín rẹ̀ á fi yọ́. Ìwé tó sọ pé ẹrù ìwádìí ni gbọ́dọ̀ ti pé kí bàálù tó gbéra. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó bá ti mọ bí a ṣe ń to jínómù, gbogbo ayé ló ń wá a, owó oṣù fásitì kì í sì í dá a dúró pẹ́. Ní ti fìríìsà −80 tí ẹ̀jẹ̀ ọdún mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, ó ń fẹ́ iná lójoojúmọ́, bóyá NEPA mú un wá tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kejì fún ọjọ́ tí èkíní bá kọ̀.

Wọ́n ń ka akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń ka àpilẹ̀kọ, wọ́n ń ka obìnrin àti àjèjì. Nínú gbogbo àmì tí wọ́n fi ń san owó àbájáde, kò sí èyí tó ń ka iye wákàtí tí fìríìsà fi wà ní −80.